Abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń fún ẹgbọrọ màlúù lóyún

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ pé wọ́n lè fi àtọ̀ sínú abo màlúù láìsí akọ kankan nítòsí, nǹkan tó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni pé abẹ́rẹ́ kan wà tí dókítà ẹran máa fà, á gún un sí i lára, oyún á dé, ó parí. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Torí tí oyún ò bá dúró báyìí, dókítà ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi, tó bá sì jẹ́ pé èèyàn wọn ni dókítà ọ̀hún, wọ́n á ní àtọ̀ yẹn ló ti kú, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ o, mi ò ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbọrọ, ìyẹn abo tí kò tíì bímọ rí, ọ̀rọ̀ sábà máa ń ti bàjẹ́ láti oṣù mélòó kan kí dókítà tó gbé àpótí rẹ̀ débẹ̀. Oúnjẹ ló bà á jẹ́, tàbí kó jẹ́ pé ẹni tó ń ṣọ́ ẹran ò mọ wákàtí tó ń wá akọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Dókítà á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé èjìká, á ti ọwọ́ kan bọ ihò ìdí màlúù, kì í ṣe ojú ara o, ihò tí ìgbẹ́ ń gbà jáde, látinú ìfun níbẹ̀ ló ti máa fi ọwọ́ di ọrùn ilé ọmọ mú. Ọwọ́ kejì á wá ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àtọ̀ wà nínú rẹ̀ gba ojú ara wọlé, ọwọ́ tó wà nínú lọ́hùn-ún á sì máa rọra darí ọrùn ilé ọmọ náà sórí irin yẹn, torí ọrùn ọ̀hún ní òrùka mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó le nínú, kò lọ gbọrọ. Tí irin bá ti kọjá òrùka tó gbẹ̀yìn, ibẹ̀ ló máa tú àtọ̀ sí, díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ tì í wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn dókítà ẹran ní Denmark ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní 1937, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé títí dòní. Ọ̀nà ti ẹgbọrọ há ju ti ìyá màlúù lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ fi máa ń fi àtọ̀ sílẹ̀ sáàárín ọ̀nà, tí á rò pé òun ti dé ilé.

Ẹ wá rí i pé kò sí ohun tó jọ oògùn nínú gbogbo èyí. Iṣẹ́ akọ màlúù náà ni dókítà bá a ṣe, àtọ̀ ló kàn gbé dé ẹnu ọ̀nà. Tí kò bá sí ẹyin tó ń dúró de àtọ̀ yẹn nínú lọ́hùn-ún, dókítà tó mọṣẹ́ jù láyé ò lè rí nǹkan kan ṣe sí i.

Kí ló wá ń jẹ́ kí ẹyin wà? Ìwọ̀n ara ni, jàre. Ọjọ́ orí ní ipa tiẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí ara ò bá tíì tó, ilé ẹyin ò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ohun tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹgbọrọ ti tó pásẹ́ǹtì 60 sí 65 nínú ìwọ̀n tó máa ní tó bá dàgbà tán, kí wọ́n tó fi àtọ̀ sí i. Abo Fúlàní funfun tẹ́ ẹ̀ ń rí káàkiri Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, tó bá jẹ́ ìran tí ìyá wọn ń tó kílò 350, ẹgbọrọ wọn gbọ́dọ̀ ti tó bíi kílò 210 sí 228. Angus ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ìyá rẹ̀ wọ̀n tó 600, tiẹ̀ á tó 360 sí 390. Nítorí náà ẹni tó bá gbọ́ kílò kan lẹ́nu òyìnbó nínú fídíò, tó wá ń retí ìwọ̀n yẹn lára màlúù Òkè-Ògùn, ó máa dúró títí.

Ohun míì tún wà níbẹ̀ tí èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Kí ẹgbọrọ kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ ò tíì tó. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 1987, ẹgbọrọ tí wọ́n fún ní àyè láti lóyún ní ìgbà àkọ́kọ́ tó wá akọ láyé rẹ̀, pásẹ́ǹtì 57 ló lóyún nínú wọn, àwọn tí wọ́n mú sùúrù fún títí di ìgbà kẹta, 78. Irú ẹgbọrọ kan náà, oko kan náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàárín ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kẹta! Ó túmọ̀ sí pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe dókítà, ẹ kà á padà sẹ́yìn ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹran náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ. Àwọn dókítà kan tiẹ̀ máa ń wá ní bí oṣù kan ṣáájú láti fi ọwọ́ yẹ ilé ọmọ àti ilé ẹyin wò, wọ́n á fún ẹgbọrọ kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5, 1 ni èyí tó ṣì dà bí ọmọdé pátápátá, 5 ni èyí tó ti ń ṣe bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ tèmi ni, owó yẹn ni mo máa kọ́kọ́ ná, torí ẹ̀ ń mọ èyí tẹ́ ẹ máa yọ kúrò kẹ́ ẹ tó ra àtọ̀ olówó iyebíye.

Èyí tẹ́ ẹ máa yọ kúrò láìjanpata ni abo tó jẹ́ ìbejì pẹ̀lú akọ. Àwa fẹ́ràn ìbejì o, a ń kí wọn, a ń se ẹ̀wà fún wọn, àmọ́ nínú màlúù, tí ìyá bá bí akọ àti abo pa pọ̀, abo yẹn á yàgàn ní ohun tó lé ní ìgbà 90 nínú 100. Ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ló pàdé nínú olóbì nígbà tí wọ́n wà nínú ìyá wọn, ohun tó wá látara akọ ò sì jẹ́ kí ilé ọmọ abo yẹn dàgbà bó ṣe yẹ. Ó lè sanra, ó lè rẹwà, ẹran pípa ni. Ẹni tó bá ra ẹgbọrọ lọ́jà tí kò bi èèyàn léèrè bóyá wọ́n bí i ní méjì lè máa fi àtọ̀ sí i títí.

Tá a bá tún padà sórí oúnjẹ, àárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Koríko á gbẹ, á le, kò ní sí èròjà gidi kankan nínú rẹ̀ mọ́, ẹran á máa rìn jìnnà wá omi, ara á wá máa lọ sílẹ̀ dípò kó máa lọ sókè. Ní gáà tí wọn kì í fi nǹkan kún koríko, kì í ṣe nǹkan tuntun kí abo tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin kó tó bí àkọ́bí rẹ̀. Ẹ ò nílò oúnjẹ olówó ńlá o. Èèpo gbágùúdá gbígbẹ wà, èérí àgbàdo wà, èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún òróró àdí tàbí òróró ẹ̀pà wà, ewé àgunmánìyè náà wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ṣe ọgbà lásán, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ gidi ni fún màlúù. Kẹ́ ẹ fi iyọ̀ tí wọ́n ń lá sílẹ̀ fún wọn. Tẹ́ ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n, téèpù wà tí wọ́n ń so mọ́ àyà ẹran, wọ́n kọ kílò sí i lára, kò péye tó òṣùwọ̀n ṣùgbọ́n ó dáa ju ká máa fi ojú wò ó lọ fíìfíì.

Ó yá, ká ní ara ti tó, ó ti ń wá akọ. Wákàtí ló kù. Abo máa ń wá akọ ní ọjọ́ 21 síra, ó lè jẹ́ 18, ó lè jẹ́ 24. Àmì tó dájú jù ni pé á dúró gbọin kí màlúù míì gùn ún. Ẹ fọkàn sí ibí yìí torí ọ̀pọ̀ darandaran pàápàá máa ń ṣì í mú: èyí tí wọ́n ń gùn tí kò sá ni ẹ̀ ń wá, kì í ṣe èyí tó ń gun òmíì. Èyí tó ń gun òmíì lè máa wá akọ lọ́la, ó sì lè jẹ́ pé eré ló ń ṣe. Omi tó mọ́ kedere tó ń fà yọ̀ọ̀ lójú ara rẹ̀ náà jẹ́ àmì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìrù rẹ̀, ó ti kọjá, ó ti tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta tó ti wá akọ, ẹ má pe dókítà mọ́, ẹ kọ déètì yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ láti nǹkan bí ọjọ́ 16 sí i.

Láti ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró fún èyí tó ń gùn ún, ẹyin á jáde ní bíi wákàtí 24 sí 32 lẹ́yìn náà. Ẹyin yẹn kì í lò ju wákàtí 6 sí 12 lọ tó fi máa bàjẹ́. Àtọ̀ ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú abo fún wákàtí bíi 6 kí ara rẹ̀ tó gbà á láti wọ inú ẹyin, àtọ̀ tó ti inú yìnyín jáde kì í sì í pẹ́ láyé, bí ọjọ́ kan ni. Ẹ wò ó bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́tò Ìbàdàn láàárọ̀: mọ́tò yẹn ò ní dúró de ẹnikẹ́ni, èèyàn gbọ́dọ̀ ti wà ní gáréèjì kó tó dé, ṣùgbọ́n ẹni tó ti débẹ̀ láti àárọ̀ àná, oorun á ti gbé e lọ nígbà tí mọ́tò bá dé. Òfin tí wọ́n fi ń rìn láti bí 1948 nìyẹn: èyí tẹ́ ẹ bá rí láàárọ̀, ẹ fi àtọ̀ sí i nírọ̀lẹ́, èyí tẹ́ ẹ bá rí nírọ̀lẹ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìṣòro tiwa ni pé màlúù oníké ò dúró pẹ́. Àwọn abo ilẹ̀ Yúróòpù lè dúró fún wákàtí 12 sí 18, tiwa sábà máa ń ṣe é fún bíi wákàtí 10 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, òru sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe é nígbà tí gbogbo èèyàn ti sùn. Ẹ jí ní ìdájí, ẹ tún lọ wò wọ́n nírọ̀lẹ́, bíi ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ má lọ nígbà tí wọ́n ń jẹun torí oúnjẹ ló wà lọ́kàn wọn. Wọ́n tún ń ta bébà kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìrù, tí òmíì bá ti ń gùn ún, òkè bébà yẹn á ha kúrò, àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ á yọ, ẹ̀yin á kàn jí láàárọ̀ ẹ máa rí i.

Torí wàhálà ìṣọ́ yìí ni wọ́n ṣe ṣe àwọn oògùn tó ń mú kí gbogbo agbo wá akọ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn oògùn yìí gan-an ló sì dá èrò "abẹ́rẹ́ oyún" sílẹ̀. Prostaglandin ni wọ́n mọ̀ jù. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń pa nǹkan kan tó máa ń hù sójú ibi tí ẹyin ti jáde, tí nǹkan yẹn bá ti kú, abo á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ láàárín ọjọ́ méjì sí márùn-ún. Tí nǹkan yẹn ò bá sí ńkọ́? Abẹ́rẹ́ yẹn ò ní ṣe nǹkan kan, omi lásán ló di. Kò sì sí lára ẹgbọrọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ rí, kò sì tíì gbó tó lára èyí tó wá akọ ní bí ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Ẹni tó bá wá gún un fún ẹgbọrọ ogún tó rù hangogo, tó ní òun ti náwó sí i, kí ló rò pé oògùn fẹ́ bá òun ṣe?

Ewu rẹ̀ tún wà o. Tí abo bá ti lóyún tẹ́lẹ̀, prostaglandin lè ṣẹ́ ẹ, nínú gáà tí akọ ń rìn káàkiri láàárín wọn, ẹ gbọ́dọ̀ yẹ oyún wò kẹ́ ẹ tó gún ohunkóhun. Obìnrin tó lóyún ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá, ẹni tó ní ikọ́ fée náà kó jìnnà sí i, torí ó ń wọ awọ ara.

Èyí tó dáa jù fún ẹgbọrọ ni kí wọ́n lo họ́mónù progesterone pẹ̀lú prostaglandin. Rọ́bà kan tó ní apá méjì ni, CIDR ni wọ́n ń pè é, wọ́n á tì í sí ojú ara ẹran. Ọ̀kan nínú ètò tí wọ́n ń lò jù ní Amẹ́ríkà ni kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ GnRH, họ́mónù tó ń mú kí ẹyin jáde, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti rọ́bà yẹn wọlé, lẹ́yìn ọjọ́ méje wọ́n á fà á yọ, wọ́n á gún prostaglandin lọ́jọ́ yẹn kan náà, tó bá di bíi wákàtí 54 lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n á fi àtọ̀ sí gbogbo wọn, wọ́n á sì tún gún GnRH, ẹnikẹ́ni ò ṣọ́ òru. Progesterone yẹn lè ta ẹgbọrọ tó ti ń súnmọ́ ìgbà rẹ̀ jí, àmọ́ kò lè gbé èyí tó kéré débẹ̀. Pẹ̀lú ìtọ́jú tó dáa, wọ́n máa ń rí bíi pásẹ́ǹtì 50 sí 60 lóyún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ṣèlérí 95 fún yín ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ bi í bóyá ó lágbára ju akọ màlúù gidi lọ ni, torí akọ gan-an kì í rí bẹ́ẹ̀ ní gígùn ẹ̀ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ àtọ̀ fúnra rẹ̀ kò gùn. Inú naítírójìn olómi ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, òtútù rẹ̀ tó -196 ní Celsius, ó sì ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ gbọ́dọ̀ máa ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ wò kẹ́ ẹ mọ bó ṣe kù. Tẹ́ ẹ bá rí yìnyín lára táǹkì níta, táǹkì yẹn ti bàjẹ́, ẹ tètè kó àtọ̀ kúrò níbẹ̀. Kẹ́ ẹ má gbé e sókè kọjá ọrùn táǹkì kẹ́ ẹ máa wá nọ́ńbà nínú oòrùn Ìsẹ́yìn, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ti tó láti bà á jẹ́, ojú lásán ò sì ní mọ̀. Omi tó gbóná tó 35 sí 37 ni wọ́n fi ń yọ́ ọ fún ìṣẹ́jú àáyá 45, ẹ fi tẹmọ́mítà wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìka. Kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, torí omi ń pa á, kẹ́ ẹ sì lò ó láàárín ìṣẹ́jú 15.

Ìṣirò kan wà tó jẹ́ kó yé mi ìdí tí oko kan fi máa ṣe gbogbo nǹkan dáadáa tí kò sì ní rí èrè. Nǹkan mẹ́rin ló wà níbẹ̀: bẹ́ ẹ ṣe mọ ìgbà tó ń wá akọ tó, bí ara ẹran ṣe dá tó, bí àtọ̀ ṣe dáa tó, àti ọwọ́ ẹni tó ń fi í sí i. Wọn kì í rò wọ́n pọ̀, wọ́n máa ń sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn ni. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ 90 nínú 100, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù yín, 66 ló máa jáde. Tí gbogbo wọn bá jẹ́ 80, ó di 41. Tí mẹ́ta bá wá jẹ́ 95 tí ọ̀kan jẹ́ 50, 43 ni. Ẹni tó ra àtọ̀ akọ tó dáa jù ní Texas, tó gbé dókítà tó mọṣẹ́ wá, tí ẹran rẹ̀ sì sanra, tí kò wá ṣọ́ wọn, ó ti ju ìdajì owó yẹn sódò.

Lẹ́yìn tí dókítà bá lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn pa ojú dé. Bẹ́ẹ̀ oyún tó bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó dúró lọ: nínú ẹgbọrọ tó dáa, bíi 90 nínú 100 ni ẹyin wọn máa gba àtọ̀, tó bá fi máa tó oṣù kan, ó ti já sí 60 sí 70. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn ni ọmọ fi ń lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, ẹ má yí oúnjẹ wọn padà lójijì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rù, ẹ fún wọn ní ibòòji àti omi, ẹ má sì gbé wọn sínú tírélà. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ kó wọn lọ síbòmíì, láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹrin lẹ́yìn àtọ̀ ni, tàbí kẹ́ ẹ dúró kó kọjá ọjọ́ 45. Láti ọjọ́ 18 dé 24 ẹ máa ṣọ́ èyí tó bá tún wá akọ. Dókítà tó ní ẹ̀rọ ultrasound lè rí oyún láti bí ọjọ́ 30, ẹni tó ń lo ọwọ́ nìkan, ó máa pẹ́ díẹ̀ sí i.

Akọ tẹ́ ẹ máa lo àtọ̀ ẹ̀ náà ṣe kókó. Ẹgbọrọ ò bímọ rí, ìdí rẹ̀ ò tíì là, tẹ́ ẹ bá wá fi àtọ̀ ìran màlúù òyìnbó bíi Charolais tàbí Simmental tí ọmọ rẹ̀ tóbi sínú Fúlàní funfun tó kéré, oyún lè dúró dáadáa kí ìyá àti ọmọ wá kú lọ́jọ́ ìbí. Inú ìwé akọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń kọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń rọrùn bí sí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò fún ẹgbọrọ, kẹ́ ẹ tó wo bó ṣe ń yára sanra. Àtọ̀ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ kó lè jẹ́ abo tàbí akọ wà, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ ní bí ìgbà 90 nínú 100, ṣùgbọ́n kì í mú tó èyí tí wọn ò yà, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀.

Oyún màlúù tó bí ọjọ́ 283, tiwa lè lé díẹ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọmọ bọ́ sílẹ̀ nínú oṣù kẹrin tí koríko tútù bá ti ń yọ, tí wàrà ìyá á pọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje lẹ máa fi àtọ̀ sí i. Ẹgbọrọ tó wọ̀n 150 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá tẹ́ ẹ fẹ́ kó tó 220 kí oṣù keje tó dé, ó ní bí ọjọ́ 240 láti fi kílò 70 kún ara, kò tó gíráàmù 300 lójúmọ́. Òjò oṣù kẹrin sí ìkẹfà á bá yín ṣe èyí tó pọ̀ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ni kẹ́ ẹ wá èérí àti èèpo gbágùúdá sílẹ̀ fún, kẹ́ ẹ sì ti so téèpù mọ́ wọn láyà nínú oṣù kọkànlá kẹ́ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀.